Òní Ni Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Ọ̀rọ̀ kékeré ló dá ìjà náà sílẹ̀: bí a bá fún ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta, ṣé òní wà nínú rẹ̀?

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàlẹ́ńdà ló kọ àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ka ọjọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ń lò ó. Nínú ìwé òfin ìgbìmọ̀ yìí, ọjọ́ tí ìwé bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́ ni ọjọ́ kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní òní kò sí nínú ọjọ́ kíkà, kó yí i padà, kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.

“Òfin wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan Jésù mọ́gi, ọjọ́ Àìkú ló jí, ọjọ́ kẹta là ń pè é. Bí àwọn bàbá wa náà ṣe ń kà á nìyẹn.”

“Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi la wà ni? Yí i padà.”

Ó kọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá já ìwé gbélé-ẹ fún un, ó sì ní kí ẹ̀ṣọ́ tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo ọ́fíìsì, bíi ti olè.

Ó gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé wọn tẹ ọ̀gá lọ́wọ́: kó fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí aago mẹ́rin tó lù ní ọjọ́ kẹta. Bí kò bá fèsì, obìnrin náà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ìyá Kàlẹ́ńdà wo ojú òpó ìgbìmọ̀. Èsì kò tíì dé. Ó mú fóònù.

“Ta lo fẹ́ pè?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bi í, níbi tó ti ń lọ aṣọ.

“Ọ̀gá ni. Òní ló parí, kò sì mọ̀.”

“Ẹni tó tú báàgì ẹ? Ẹni tó sùn là ń jí, àbúrò mi, a kì í jí apirọrọ. Bó bá fèsì, irọ́ ló máa kó síbẹ̀, iṣẹ́ ẹ á sì lọ.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, báwo ni màá ṣe gbàdúrà lálẹ́ yìí?”

Ó pè é.

“Ẹ káàsán, sà. Ìwé tẹ́ ẹ gbà, aago mẹ́rin òní ni àyè èsì rẹ̀ máa tì.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ìyá Kàlẹ́ńdà. O fẹ́ kí n sáré fi àbọ̀ èsì ránṣẹ́, àbí? Ọ̀la lọjọ́ kẹta. Ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní oókan, eéjì?”

“Ẹ wo ìwé òfin wọn, sà.”

“Má pè mí mọ́ láyé ẹ.” Ó pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Ọkàn ẹ ti balẹ̀ báyìí?”

Kò balẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà títí aago mẹ́rin fi lù, tí ojú òpó sì tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá fi ojú ìwé méjìlá ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ìgbìmọ̀ kò gbà á.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Kàlẹ́ńdà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Ọ̀gá kọjú sí ẹ̀ṣọ́. “Tú báàgì ẹ̀.”

Obìnrin náà tú u fúnra rẹ̀: Bíbélì, ìwé orin, oúnjẹ ọ̀sán, àti ìwé òfin ìgbìmọ̀ tó ti ṣẹ́ etí ewé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà. Ó kó wọn padà, ó rìn lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀.