Èènì Àlàájà Kàrímọ́tù

Ọjọ́ kẹta rèé tí Zipporah ti ń wo àmì róbótó kan tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, òun ló ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó lọ sókè òkun. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Nígbà tó jẹ́ bébà ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀: buwọ́ lù ú, lu òǹtẹ̀, ó parí. Ní báyìí, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi ìwé ẹ̀rí ìlera ránṣẹ́, àwọn tó ń ra ọjà lókè òkun á sì ti rí i kí tírélà tó kúrò ní Lọ́kọ́ja. Ìyẹn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fẹ́ o.

Ẹrù tó wà nílẹ̀ ni ọgọ́ta àpò yànmọ̀tí, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní rídì, ti Àlàájà Kàrímọ́tù àti àwọn obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá tiwọn padà láti òkè òkun, torí wọ́n bá oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀. Oníbàárà wọn ti sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: bí tọdún yìí bá tún lábùkù, òun ò ní rà lọ́wọ́ wọn mọ́ láéláé. Zipporah fúnra rẹ̀ ló ń lọ láti oko dé oko, tó ń bẹ̀ wọ́n, tó ń jágbe mọ́ wọn, pé oògùn kankan ò gbọdọ̀ kan ọjà yìí. Wọ́n gbọ́. Èsì àyẹ̀wò mọ́ tónítóní, ó sì fi èdìdì oníke dí ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan.

Aago méjì ọ̀sán ni àmì róbótó náà dúró. Ìwé ti lọ! Zipporah ò tiẹ̀ ní agbára láti yọ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ìsọ̀ Àlàájà ní Natako, kó wo ẹrù náà nígbà ìkẹyìn kí wọ́n tó kó o sí tírélà.

"Òkun o, Màdáàmù!" Àlàájà kígbe. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja ni, ìkíni àwọn Yorùbá Òkun, ará ilé Zipporah, ló sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ó jókòó láàárín àwọn àpò, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Zipporah wo abẹ́rẹ́ náà. "Àlàájà, kí lẹ ń rán?"

"Mo ti ń parí ẹ̀. Èènì ni mo fi sí i, abọ́ mudu kan fún àpò kan. Ẹ má mikàn, mi ò fọwọ́ kan èdìdì yín, ìdí àpò ni mo tú." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ní sùúrù fún wa lọ́dún kan gbáko, ká wá wọ̀n ọ́n fún un géérégé? Á ní ahun ni wá."

"Níbo lẹ ti rí èènì?"

"Ilé mi ni. Èyí tí mo tọ́jú láti èṣín. Mo bu oògùn díẹ̀ sí i nígbà yẹn torí kòkòrò, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ ẹ, ó mọ́."

Zipporah jókòó sórí àpò kan. "Àlàájà, ṣé mi ò sọ pé kí oògùn má kan ọjà yìí ni?"

"Kò kan ọjà. Èènì kì í ṣe ọjà, Màdáàmù. Ẹ̀bùn ni."

Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Èdìdì wà digbí, ìwé ti lọ, bí Zipporah bá panu mọ́, tírélà á gbéra nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni rídì yẹn ń lọ. Wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá bá oògùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo àgbẹ̀ tó ń kó rídì jáde láti Lọ́kọ́ja ni yóò jìyà rẹ̀. Inú bí i sí Àlàájà, inú bí i sí ara rẹ̀ tí kò rántí èènì nínú gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni pé oore ni obìnrin náà rò pé òun ń ṣe.

Ó yọ fóònù, ó fagi lé ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó gbé ìwé ẹ̀rí lọ. Ìfagilé yìí ò gba ìṣẹ́jú kan.

Àlàájà ò sunkún. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ inú òwú, ó gbé e sílẹ̀. "Ìyá mi ló kọ́ mi," ó ní. "Ó ní ẹni tí kì í fi èènì sí i, kó má pe ara rẹ̀ lọ́lọ́jà." Ó wá béèrè pé, "Kí ni mo fẹ́ wí fáwọn mẹ́wàá yòókù?"

Zipporah dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já èdìdì ẹnu àwọn àpò náà.

Nígbà tó ń lọ sílé ní Otokiti, ó dúró ra gààrí létí títì. Oní gààrí wọ̀n ọ́n, ó fọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó dà á sínú ọ̀rá.

"Ẹ fi èènì sí i o," ni Zipporah wí.

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu, omi sì ń dà lójú rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Oní gààrí rò pé ebi ló ń pa á, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e.