Orogún Lára Ògiri

Ìyá mẹ́ta ló yọ lára ògiri pálọ̀ Àtàndá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ìyá kan ṣoṣo ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtàndá ní ẹ̀rọ sinimá ńlá kan tó rà nígbà tí ilé ìtura kan l'Óṣogbo kógbá sílé. Olójú mẹ́ta ni: ọ̀kan ń tan iná pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ aró. Àjà pálọ̀ rẹ̀ ní Ẹdẹ ló so ó rọ̀ sí, ó sì wúwo débi pé ìyàwó rẹ̀ kì í kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìṣe àdúà. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Fàsílátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á wọ kẹ̀kẹ́ wá, àwọn méjèèjì á jókòó wo kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí bàbá wọn ti Mẹ́kà dé. Kano ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń ṣòwò nígbà náà, wọn kò sí nílé lọ́jọ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níwájú àwòrán náà tó fi ìborùn funfun borí, tó gbọ́wọ́ sókè tó ń ṣàdúà. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ìyá wọn? Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn.

Ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà ti kú tipẹ́. Fàsílátù ló máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ohùn ìyá wọn, á máa ṣe àdúà tí ìyẹn máa ń ṣe fún wọn láràárọ̀: "Àtàndá, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àtàndá, o ò ní sin òkú ọmọ." Àtàndá á ní Àmín, á sì dọ̀bálẹ̀ fún ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àlájì. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ahmad. Àtàndá ni oríkì rẹ̀, àwọn tó ń fi í pè é sì ti wọlẹ̀ sùn tán, ó ku Fàsílátù nìkan. Bí Jímọ̀ kan bá kọjá tí kò gbọ́ ọ, ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Ó pẹ́ tí ojú ẹ̀rọ náà ti ń yẹ̀. Àwòrán ń ṣe bàìbàì, imú ẹnikẹ́ni kì í hàn, wọn kì í mọ ẹni pupa yàtọ̀ sí ẹni dúdú, wọ́n ṣáà ń fi ìfẹ́ wò ó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo wí yìí ló yẹ̀ pátápátá. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ara wọn sílẹ̀: obìnrin pupa yọ lápá òsì, aláwọ̀ ewé yọ láàárín, aláwọ̀ aró tó ṣú dúdú yọ lápá ọ̀tún, gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè.

Fàsílátù tó ti kúnlẹ̀ dìde. "Àtàndá, ta ló pe obìnrin yìí wá síbí?" Pupa ló nàka sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá wa náà ni. Ẹ̀rọ yìí ló..."

"Ìyá ta ni? Ṣé ìyá mi ló pupa bí epo báyìí? Ìyá Sekona nìyẹn! Aláwọ̀ ewé yẹn, Ìyá Ara ni, ṣebí ẹ̀fọ́ ló tà títí ó fi kú. Ìyá tèmi ni dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Orogún tún ti tì í sẹ́yìn!"

Àtàndá mọ̀ pé wàhálà dé. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́ lóòótọ́: ìyá wọn, èyí tó mú wá láti ìlú Ara, àti èyí tó mú wá láti Sekona. Ti Sekona yìí pupa, ó lẹ́wà, ó tún lẹ́nu. Òun àti ìyá wọn jà nítorí ọlọ kan. Ọlọ fọ́, àwọn tó ni ín kú, Fàsílátù kò jẹ́ kí ìjà náà tutù.

"Ẹsẹ̀ mi ò ní wọ ilé yìí mọ́, àfi tóo bá lé e kúrò lára ògiri," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àtàndá ránṣẹ́ pe Najeem tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà. Najeem gun àkàbà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Àlájì, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò pàdé mọ́ ni. Tí mo bá yí wọn tí wọ́n forí kan ibì kan, àwòrán á di ẹyọ kan." Àtàndá bẹ Fàsílátù lórí fóònù títí ó fi gbà láti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ìbúra rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Najeem ń yí, pupa sì ń rìn bọ̀ lára ògiri. Ó kọjá lára Ìyá Ara, ó súnmọ́ dúdú. Èjìká rẹ̀ wọlé, apá tẹ̀lé e.

"Ẹ gbà mí o!" Fàsílátù ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ń wọ inú ìyá mi lọ!"

"Ìyá, bó ṣe yẹ kí wọ́n pàdé nìyẹn," Najeem dáhùn.

"Àwọn tí ò lè pàdé nídìí ọlọ, ìwọ lo máa mú wọn pàdé lára ògiri?"

Àtàndá kì í lè wo omijé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí Najeem pa ojú pupa. Najeem wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì pa á. Pupa lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé bo dúdú mọ́lẹ̀, gbogbo ohun tó kù di àwọ̀ ewé, láti orí bàbá wọn títí dé orí àgbò tí wọ́n so mọ́gi.

"Ìyá mi kì í ṣe gbúre," Fàsílátù wí, ó sì lọ.

Ojú méjì tó kù náà kò pẹ́. Bóyá ìbànújẹ́ ni, bóyá ogbó ni. Wọ́n tú èéfín díẹ̀, wọ́n kú. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n rọra ń gbé e jáde, ni aládùúgbò kan bá ṣí fìlà, ó kí wọn kú ará-fẹ́ra-kù. Àtàndá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jímọ̀ kọjá, Fàsílátù kò wá. Òmíràn kọjá. Àtàndá bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó fi oríkì pe òun. Ìyẹn pè é. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń pe èèyàn. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ó sì ní kí Najeem lọ bá òun ra ẹ̀rọ tuntun.

Èyí tó rà wá kò ju búrẹ́dì lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní. "Ojú kan ni, Ẹ̀gbọ́n mi," Àtàndá búra lórí fóònù. "Kò lè mú orogún yọ."

Lórí ìlérí yìí ni Fàsílátù fi wá, ó sì jókòó. Najeem tan ẹ̀rọ. Ẹyọ obìnrin kan ló yọ níwájú, ó mọ́ kedere bí wọn kò ti rí i rí. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó pupa. Ó rẹ́rìn-ín, èjí sì hàn gbangba níwájú ẹnu rẹ̀.

Ìyá wọn kò ní èjí.

Àṣé Ìyá Sekona ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá! Òun ni Fàsílátù ń yá ní ohùn ìyá rẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Àtàndá ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Fàsílátù ti mú báàgì, ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," Àtàndá ní. "Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Lẹ́yìn Ìyá Sekona, láàárín èrò, níbi tí ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ti fi nǹkan kan hàn ju òkùnkùn lọ, ìyá wọn wà níbẹ̀. Ó dúdú, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí àdúà orogún rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì: Àmín, Àmín, Àmín.

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Fàsílátù. "Ó ń ṣe Àmín fún un?" Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Kí ni obìnrin yẹn ń sọ?"

Kásẹ́ẹ̀tì kò lóhùn, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Àtàndá tẹjú mọ́ ètè Ìyá Sekona.

"Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gba ìjà wa jà dé ọjọ́ alẹ́."

Fàsílátù wò ó lójú, ó wo ògiri, ó padà jókòó.

"Irọ́ lo ń pa, Àtàndá," ló wí, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Àmín."