Erùpẹ̀ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìṣirò

Láti àárọ̀ ni Ìyá Ìṣirò ti ranjú mọ́ ìwé kan ṣoṣo. Àwọn bíríkìlà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun ẹnjiníà ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò tíì bímọ, nítorí pé kì í fi kákúlétọ̀ sílẹ̀. Lónìí, kákúlétọ̀ ń sọ̀rọ̀, kò kàn yé e ni.

Ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kọ́. Lórí mítà kan níbùú lóòró, ilẹ̀ ibẹ̀ lè gba tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kún ohun tó ti ń rù tẹ́lẹ̀. Lórí mítà kan náà, ẹrù ilé náà jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́tàlá. Ọ̀gá ní kó yọ mẹ́rin kúrò, torí erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú kòtò ìpìlẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án, ó parí. Ọkọ̀ kọnkéré ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá buwọ́ lu ìwé ìṣirò náà kó tó di ọ̀sán, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n báwo ni ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ṣe ń dín ẹrù kù? Ó lọ bá fọ́ọ̀mánù, bàbá tó ń darí àwọn bíríkìlà, létí kòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ là á yé mi."

"Kò le, ọmọ mi. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ti ń ru erùpẹ̀ yẹn tipẹ́. A gbé e kúrò lórí ẹ̀, a wá gbé ilé sí i. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì nìkan lẹrù tuntun."

Ara tù ú. Àfi ìgbà tí bàbá nawọ́ sí òkìtì erùpẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Tí kọnkéré bá ti gan, a ó dà á padà sórí ìpìlẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa."

Orí rẹ̀ tún dàrú. Ṣé wọ́n yọ ọ́ ni, àbí wọn ò yọ ọ́? Ilé nìkan ló wà nínú mẹ́tàlá yẹn, wọn ò ka erùpẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á, ojú sì ń tì í, kó má lọ jẹ́ pé òun nìkan lòpònú ibẹ̀.

Ó gbéwèé tọ ọ̀gá lọ ní ọ́fíìsì.

"Ẹ má bínú sà, mi ò lè buwọ́ lù ú. Erùpẹ̀ tá a yọ yìí, ṣebí wọ́n ń dà á padà? Kí la wá yọ? Mẹ́tàlá ṣì ni, ilẹ̀ ò sì lè gbà ju mẹ́wàá lọ."

Ọ̀gá lanu láti jágbe mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí mẹ́rin tí wọ́n yọ. Ó gba ìwé náà, ó wò ó títí, ó sì jókòó.

"Ogún ọdún ni mo ti ń yọ ọ́," ló sọ jẹ́jẹ́. "Mi ò bi fọ́ọ̀mánù kankan rí níbi tó ń dà á sí."