Ọjọ́ Orí Búdà àti Òtútù Màmá Wa

Àlá kan ni mo lá lóru àná. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín, kí ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí inú ń bí mi. Ẹ mọ̀ pé màmá wa ṣì wà ní mọ́ṣúárì láti oṣù tó kọjá. Bùọ̀dá Fọlárìn, àkọ́bí wa, ní dandan, ọgọ́rùn-ún ọdún la máa kọ sára pósítà ìsìnkú, kí ayé lè mọ̀ pé àgbà ló lọ. Àǹtí Mojírọ̀lá tó tẹ̀ lé e ní irọ́ ni, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Bí Màmá bá pé ọgọ́rùn-ún, àwọn ọ̀rẹ́ òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí tòun náà. Èmi àbíkẹ́yìn, ta ló bi mí léèrè? Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Màmá bí mẹ́ta, yìnyín ló ń bá wọn gbé.

Mo tan rédíò. Wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì fẹnu kò lórí ìgbà tí Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀ ní Íńdíà, gbé ayé. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo bá ara mi níwájú ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè igi àgbálùmọ̀. Mo gun igi, mo kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ní, "Ẹ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má dá sí àríyànjiyàn wọn o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú ìdúró."

Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ló wà nínú ilé. Ẹnì kan sùn sórí tábìlì láàárín wọn, aṣọ funfun bò ó látorí délẹ̀. Àga yọ́ sọ fún mi pé òkú ni, wọn ò ní sin ín títí wọ́n á fi mọ ọdún tó kú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣẹ̀tẹ̀ fọwọ́ lu tábìlì. "Búdà ti kú fún igba ọdún ó lé méjìdínlógún kí Ọba Aṣókà tó gorí oyè ní Íńdíà. Bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti gúúsù ṣe wí nìyẹn!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáròunbí pòṣé. "Gúúsù wo? Àwọn ará àríwá ní ọgọ́rùn-ún ọdún péré ni. Àgbàyà!"

Èmi ò rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Oyè ọba làwa náà fi ń ka ọdún nílé wa. Bùọ̀dá ní Màmá ti ń pọnmi lódò nígbà tí ọba wa gorí oyè. Àǹtí ní ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì pọ̀n wọ́n sí. Mo bá ní, "Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ sin òkú ná?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú bàbá wọn. Ìwo yọ lórí àwọn méjèèjì. Akínṣẹ̀tẹ̀ di òbúkọ, ó dé fìlà Bùọ̀dá Fọlárìn. Fáròunbí di ewúrẹ́, yẹtí Àǹtí Mojírọ̀lá ń mì létí ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ni wọ́n.

Òbúkọ ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀, ọgọ́rùn-ún!"

Ewúrẹ́ ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún!"

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ aṣọ funfun náà, ọ̀kan láti ibi orí, ọ̀kan láti ibi ẹsẹ̀. Nígbà tí ojú òkú yọ, Màmá wa ni. Ètè wọn ń gbọ̀n.

"Ọlátóún, òtútù ń mú mi."

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu èmi náà. Mo ní, "Màmá, ẹni ọdún mélòó tiẹ̀ ni yín?"

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà?" Wọ́n yíjú sí ògiri.

Mo ta jí. Iná ti dé, fáànù ń fẹ́ gbuu, ìbora mi ti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì tutù nini. Fóònù ń dún. Bùọ̀dá ni.

"Ọlátóún, a ti sún ìsìnkú sí oṣù tó ń bọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yẹn ò tíì yanjú."

Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú wọn."

Bùọ̀dá ní, "Òtútù ń mú ta?"