Ikọ́ Inú Rẹ́jísítà

Ìwé ẹ̀rí kì í sú Rachel ọ̀rẹ́ mi. Gíréèdì Tuù la jọ ṣe, NCE la jọ gbà. Èmi dúró níbẹ̀, nítorí ìṣirò tí mo mọ̀ ti tó kọ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òun lọ gba dìgírì, nígbà tó sì di 1984, ó tún wà lẹ́nu másítàs, ó ní òun fẹ́ di olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́. Mo bi í pé ta ni kò lè dámọ̀ràn n'Íbàdàn tó fi di ohun tí à ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Ó ní olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ kì í sọ ohun téèyàn máa ṣe, ṣe ló ń tẹ́tí títí onítọ̀hún á fi rí ọ̀nà ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà le fún un. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹnu tíṣà kò sì ṣeé sé. Nígbà tí Dókítà Olúdayọ̀, olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, kọ́kọ́ wá wo bó ṣe ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, àṣẹ mọ́kànlá ni ọkùnrin náà kà sí i lọ́rùn: jókòó dáadáa, gbójú sókè, yé sunkún. Rachel fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún kù fún un. Bó bá tún fìdí rẹmi, ọdún méjì gbé, ẹlòmíràn ni wọ́n á sì fi ṣe olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ ikọ́ wá. Agboolé ọkọ Rachel wà ní Bẹẹrẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sì bí Sẹ̀gilọlá, ọmọ fọ́ọ̀mù kẹrin. Ọmọ yìí ti ń rìn káàkiri ilé nígbà tí wọ́n fomi ṣan ẹsẹ̀ Rachel wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Eyínfúnjowó ni Rachel ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, dìgírì dé, dìgírì ò dé. Ní kíláàsì, bó bá ń pe rẹ́jísítà tó dé orí orúkọ yẹn, á wúkọ́, Sẹ̀gilọlá á sì jẹ́ ẹ lóhùn pé, "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà." Kò sẹ́ni tó tún ń rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, Dókítà Olúdayọ̀ gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ Rachel kó má baà mú ọmọ tó ti kọ́ lọ́rọ̀ sílẹ̀. Ó fi ìka lé orúkọ kan. Rachel wo ibi tí ìka wà, ó sá wọ yàrá àwọn olùkọ́ wá bá mi.

"Lucy, mo gbé," ló wí. "Ọkọ mi ló mú."

Mo ní kó máa lọ, pé ta ló ń kọ ọkọ sílẹ̀ nítorí másítàs. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín wa àti yàrá ìmọ̀ràn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbọ́. Mo gbé àga mi sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Mo gbọ́ tí orúnkún Rachel kan ilẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ jókòó." Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Kí ló tún fẹ́ wí? Kò lè jágbe mọ́ ọkọ, kò lè já lu ọ̀rọ̀ ọkọ, kò lè ní kó gbójú sókè. "Hùn-ún" nìkan ló ń sọ lóòrèkóòrè, bí àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu ń yún èmi alára. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí òun ò ti rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó. Ó ní òun ò lè sọ, nítorí tíṣà ìṣirò ti pe òun ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, á ní àwáwí ni.

Èmi ni tíṣà ìṣirò. Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí.

Rachel mọ̀ pé èmi ni. Ì bá ní òun á bá a sọ fún mi. Ohun tó béèrè ni pé, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?" Ọmọ náà rò ó títí, ó ní òun á fẹnu ara òun sọ fún tíṣà náà lọ́la, òun á sì ní kí bàbá òun mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà Olúdayọ̀ kò rí àṣẹ kan ṣoṣo kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ jókòó. Ó bi Rachel níbi tó ti kọ́ irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀, Rachel ní nílé ọkọ òun ni. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lùwé pé ó yege. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́, ìyá ní ọdún mẹ́tàlá làwọn fi kọ́ ọ níṣẹ́ yẹn, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ nìkan làwọn ò rí fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago tó lù, Sẹ̀gilọlá dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan bá mi sọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti gbọ́, pé kó má bínú, pé mo ti gbé àga rẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á mọ̀ pé etí wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ní í bá Rachel sọ nǹkan kan mọ́ láyé. Mo la ẹnu, ikọ́ ni mo wú.

"Prẹ́sẹ́ǹtì, mà," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi olódo, mi ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.