Koríko Mummy Susannah

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí wọ́n ti fi iyọ̀ àti mágì sí i láti Ọ̀fà dé Ìjàgbó.

Àbúrò mi, Kamaldeen, ló wà ní Ireland, tó ń bá ìyá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ oko. Inú oko náà ló ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àgùntàn ń sùn. Susannah lorúkọ ìyá náà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n ní kó máa pe àwọn ní Susannah lásán. Ẹnu ẹ̀ kọ̀ ọ́, ló bá fi Mummy sí i níwájú.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á fún, kí wọ́n fi wò ó. Tíṣẹ́ ẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kọ lẹ́tà kó lè lo ọdún kan sí i. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di Ọ̀fà. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá ò tíì sọ nǹkan kan. "O ṣé, Kamaldeen" nìkan ni, láàárọ̀, lálẹ́.

Gbogbo Sátidé ló máa ń fi fídíò pè wá. Èmi Fatimah ni mo máa ń di fóònù mú, torí tí Alhaja, ìyá wa, bá dì í mú, imú wọn nìkan ni Kamaldeen ń rí. Kò sì sí fídíò tí kì í dà wá lọ́kàn rú.

"Kí ni wọ́n ń fi gbogbo àgùntàn yẹn ṣe?"

"Irun wọn ni wọ́n ń gẹ̀, Alhaja."

"Irun." Alhaja wò mí bíi pé èmi ni mo gẹ̀ ẹ́.

Sátidé tí mò ń wí yìí, Mummy Susannah ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, ó di Mọ́ńdè kí wọ́n tó dé. Kamaldeen yí fóònù sí ilé wọn. Alhaja já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé èèyàn ń gbé ilé yẹn?"

Koríko ti kan fèrèsé. Gíga, wúruwùru, tòun ti òdòdó pupa, òdòdó yẹ́lò. Nílé tiwa lọ́nà Òjòkú, kí wọ́n tó kírun àárọ̀ tán lẹ ti máa gbọ́ ìgbálẹ̀. Èèhù kan ò gbọdọ̀ yọrí.

"O wà níbẹ̀, igbó ń bo ilé mọ́ àgbàlagbà lórí, o sì ń wá lẹ́tà?"

"Wọn ò ní kí n ro ó, Alhaja."

"Ṣé ó yẹ kí wọ́n sọ? Ṣé mo máa ń sọ fún Fatimah kó tó gbálẹ̀?"

Wọ́n máa ń sọ fún mi.

"Ejò á kúkú wọlé bá wọn."

"Kò séjò nílùú yìí, Alhaja."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ejò?"

Kamaldeen fi Sátidé àti Sọ́ńdè ro gbogbo ẹ̀, ó fa gbòǹgbò tu, ó di ẹ̀ka igi pọ̀, ó fi gbálẹ̀. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ rẹwà: ipa ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Alhaja fi han gbogbo àdúgbò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó pè.

"Wọ́n ti dé, Alhaja."

"Ṣé inú wọn dùn?"

"Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sunkún."

"Ẹkún ayọ̀ ni."

"Alhaja, wọ́n gbìn ín ni. Àwọn àti ọkọ wọn tó ti kú. Torí káwọn oyin lè máa rí òdòdó ẹ̀ jẹ."

"Wọ́n gbin kí ni?"

"Koríko yẹn. Wọ́n ra irúgbìn ẹ̀."

Alhaja kọjú sí mi. "Fatimah, ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?" Mo ní mo gbọ́, àmọ́ kò yé mi. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kamalu, sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ẹ. Nílé wa, àgbà tá a bá bọ̀wọ̀ fún là ń ro àyíká ilé ẹ̀."

Mummy Susannah gba fóònù, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ká fi àgbàlá tiwa han àwọn. Mo yí fóònù ká: ilẹ̀ pupa, ipa ìgbálẹ̀, adìẹ kan. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá béèrè nǹkan kan.

"Wọ́n ní níbo làwọn oyin tiwa ti ń jẹun," Kamaldeen túmọ̀ ẹ̀.

Alhaja wo ilẹ̀, wọ́n wo adìẹ. "Sọ fún wọn pé a ò tíì bi wọ́n."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá náà, omijé ṣì wà lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tó tu koríko ló máa gbìn ín padà. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gbìn ín, òdòdó ẹ̀ ò ní yọ àfi lọ́dún tó ń bọ̀, Kamaldeen ò sì ní lọ ibì kankan títí á fi yọ. Wọ́n kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ kejì.

"Fatimah, ṣé ìyà nìyẹn, àbí oore?"

"Mi ò mọ̀, Alhaja."

Tí wọ́n bá bi Alhaja lójú pópó pé kí lọmọ wọn ń gbìn lókè òkun, wọ́n á ní ó wà nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n á sì béèrè bí ọmọ tiyín ṣe wà. Àmọ́ láràárọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á tẹ́wọ́: "Ọlọ́run, jẹ́ kí koríko Kamaldeen hù. Kó ga. Kó kan fèrèsé."

Mo máa ń ṣe àmín. Ìgbálẹ̀ ṣì máa ń wà lọ́wọ́ mi.