Ìró Àga ní Ìparí Àwo

Ọdún mẹ́sàn-án ni Garth Ollerenshaw fi jókòó sídìí ilẹ̀kùn. Yàrá òkè ilé ọtí kan ní Huddersfield ni, níbi tí Ẹgbẹ́ Abẹ́rẹ́ ti máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù láti gbọ́ àwo orin àtijọ́. Àga tó sún mọ́ àtẹ̀gùn ni tirẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n kò tíì sí ibi tó wọ̀ rí tí kò ní kọ́kọ́ wo ibi tí òun máa gbà jáde. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló rí sí orin tí wọ́n gbọ́, á ní, "Ó dáa," ojú rẹ̀ á sì tún lọ sí ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òun gan-an ló dúró láàárín yàrá, ó gbá àwo mọ́ àyà bí ìyá ìkókó. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá mú àwo wá kò gbọdọ̀ jókòó títí orin á fi tán, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí àwo. Lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún á wí tẹnu rẹ̀, àwọn yòókù á nawọ́: yálà kí àwo náà padà sínú páálí rẹ̀, tàbí kó wọ agbọ̀n abẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú. Èyí tó bá ti wọ agbọ̀n ti kú nìyẹn. Wọn kì í jí i dìde.

Barney Sugden, tó ń ta àwo nínú ọjà ìlú, tajú kán rí páálí náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Garth! Ọdún mẹ́sàn-án lo fi panu mọ́, èyí lo wá tìtorí ẹ̀ la ẹnu? Àbí o rí i pé agbọ̀n ti ṣófo, o fẹ́ bá wa kún un?"

Yàrá hó. Garth wo ilẹ̀kùn.

"Barney, ká ní bí ẹnu rẹ ṣe ń tà ni ọjà rẹ ń tà, o ò bá ti kọ́lé sétí òkun," ni Màmá Pugh dá a lóhùn. Nesta Pugh nìyẹn, ọmọ Wales, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Gbé abẹ́rẹ́ lé e."

Àwo ọ̀hún ni *Odò Tó Gun Òkè*, tí ẹgbẹ́ Tallow Heron ṣe lọ́dún 1970. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí orin kan ṣoṣo lè gba ẹ̀gbẹ́ àwo kan tán. Nígbà tí wọn ò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa ni wọ́n lọ háyà ogójì olórin, àwọn onífayolíìnì, onífèrè, onífèrè idẹ, pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣe é. Àwọn oníwèé ìròyìn kò ṣàánú wọn. Wọ́n ní ariwo fayolíìnì ti ri gìtá sómi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn, nígbà tí wọ́n di ńlá tán, tí wọ́n bá dárúkọ àwo yìí létí wọn, wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣe àwọn, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí orin ńlá náà bá ti rọlẹ̀, wàá gbọ́ tí àga ń ha ilẹ̀, kíríì, kíríì, tí ẹsẹ̀ ń lọ. Fáólà kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n fayolíìnì tí ohùn tirẹ̀ wúwo díẹ̀, á wá máa dá nìkan kọrin fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọ́n ti gbálẹ̀ ìnáwó. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ nípa orin ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Aago ni olórin tí wọ́n bá háyà fi ń ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni. Bó bá ti lù, wọ́n á gbé ohun èlò sílẹ̀, ì báà jẹ́ àárín orin. Onílù ẹgbẹ́ náà ti rò ó nínú ìwé ìròyìn: aago mẹ́fà lù, gbogbo wọn dìde, wọ́n bá tiwọn lọ, ó wá ku òmùgọ̀ kan tí kò gbọ́ aago.

Òmùgọ̀ yẹn ni Edgar Ollerenshaw. Bàbá Garth ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú yàrá yẹn, torí orúkọ ogójì olórin náà kò sí lára páálí. Garth náà kò sì sọ. Bàbá rẹ̀ kò jà fún ara rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. "Mo ṣe iṣẹ́ mi," ohun tí baba máa ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi ìparí àwo náà ṣe àwàdà lórí rédíò, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín yéè, baba náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sì gbé fáólà rẹ̀ lọ sórí àjà. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ohun tó gbé Garth dìde kúrò nídìí ilẹ̀kùn ni ìròyìn tí Barney mú wá lóṣù tó kọjá. Ilé iṣẹ́ àwo kan ní London fẹ́ tún *Odò Tó Gun Òkè* gbé jáde, wọ́n sì fẹ́ tún un ṣe: wọ́n fẹ́ gé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn dànù. Imogen Thwaite, obìnrin tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, máa wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ láti gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń wí. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé ni wọ́n máa gé e. Nígbà tí Garth gbọ́, ó dìde, ó lọ kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó. Lẹ́tà náà rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìtàkùn.

Imogen ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, pẹ̀lú ife tíì lórí itan.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó lọ, ó dé ìparí. Kíríì, kíríì, bí àga ṣe ń ha ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sínú kóòtù wọn, torí òfin kò jẹ́ kí wọ́n rín in síta. Fáólà kọ tirẹ̀ tán. Abẹ́rẹ́ gòkè.

"Ẹ… ẹ má bínú," ni Garth wí. "Mi ò kàwé lọ títí. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà. Marsden ni mò ń lọ lójoojúmọ́. Odò Colne máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe ń gòkè… ló ń kéré. Nísàlẹ̀ níbí, ó fẹ̀. Tó bá di òkè pátápátá, lórí pápá, okùn omi lásán ni. Ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó."

"Ṣé orin la wá gbọ́ ni, àbí o fẹ́ kó wa lọ sí Marsden?" ni Barney wí.

"Barney, ta ló dúró, ìwọ àbí òun?" ni Màmá Pugh bi í.

Garth kò wo ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo àwo.

"Odò kì í gun òkè. Àfi téèyàn bá ń tọ ipa ẹ̀ lọ síbi tó ti ṣẹ̀. Ogójì èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ orin yìí, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú gbogbo wàhálà wọn. Òkun nìyẹn. Ẹ wá bá mi kà á. Àwọn onífèrè idẹ ló kọ́kọ́ lọ. Ìlù tẹ̀ lé wọn. Dùùrù lọ. Gìtá tí wọ́n ní ó rì sómi, kò kú o. Ó ń yà fún omi ni. Odò náà ń dín kù, ó ń dín kù… títí ó fi ku okùn omi kan. Tẹ́ ẹ bá gé ìyẹn, ẹ ti gé orísun odò. Níbo ni odò ọ̀hún ń lọ nígbà náà?"

Barney ń họ irùngbọ̀n. Ó ti ta àwo yẹn fún ogún ọdún, kò sì kíyè sí ẹni tó ṣáájú jáde rí.

Imogen gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ollerenshaw, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n onílù wọn fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àṣìṣe ni. Mi ò lè torí àlàyé tó dùn kí n da ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ nù."

"Ṣó wà níbẹ̀?" ni Màmá Pugh wí.

"Ó wà níbẹ̀ kẹ̀!" ni Barney dáhùn. "Mo ní ìwé ìròyìn yẹn nílé. Ó ní òun ti lu tòun tán, òun ti sọ̀ kalẹ̀ lọ mu bíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ fóun pé…" Ọ̀rọ̀ já mọ́ ọn lẹ́nu: ẹni tó wà nídìí bíà kò lè rí ẹni tó dìde.

Garth ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù. Nǹkan tó wà níbẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ìwé orin ni, èyí tí bàbá rẹ̀ wò fà á lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́ aṣọ inú àpótí fáólà ló ti rí i lẹ́yìn ìsìnkú. Kò lè kà á. Àmì orin dúdú dúdú ló kún inú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èdè Ítálì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn olórin. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì yí ibì kan po, òbìrí ńlá tó nípọn. Garth mọ òbìrí. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà níléèwé, ibi tó bá ti ṣì í nìkan ni tíṣà ń yí po. Ọdún mẹ́rin ló fi pa ìwé náà mọ́, torí bó bá jẹ́ pé àṣìṣe bàbá òun ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sàn kó má yé ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí kò bá mú un jáde lónìí, wọ́n á gé bàbá rẹ̀ kúrò nínú àwo lọ́la. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ó na ìwé náà sí Màmá Pugh.

"Bàbá mi ló ń fa fáólà yẹn," ló wí. "Ẹ bá mi kà á. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ kà á sókè."

Màmá Pugh gba ìwé náà.

"Bàbá ta ni?" Ojú ti Barney. "Garth… àti gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi…"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀," ni Garth wí. "Ìdí ilẹ̀kùn ni mo wà, mi ò lọ."

Màmá Pugh wá awò ojú rẹ̀, ó rí i ní orí ara rẹ̀. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Tún ìparí yẹn fi sí i," ló wí. Abẹ́rẹ́ padà sórí àwo. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé fáólà lórí ìwé, láti àmì dé àmì, kò fo ìkankan. Nígbà tí orin tán, ìka rẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

"Kò sí ohun tó fà tí wọn ò kọ síbí," ló wí. "Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n fi tádàwà kọ sókè ẹ̀: 'Kí gbogbo àwọn yòókù dìde níbí, kí wọ́n máa jáde. Fáólà nìkan, títí dé òpin.' Ìró àga tó ń pa yín lẹ́rìn-ín láti àádọ́ta ọdún, inú orin ló wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni."

"Aago mẹ́fà wá ńkọ́?" ni Barney bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Aago mẹ́fà inú orí yín ni. Ẹ mọ àṣà olórin jù, ẹ ò jẹ́ kí orin sọ tiẹ̀. Àwọn tó dìde lọ́jọ́ yẹn ò fi àwo rọ́ọ̀kì ṣe nǹkan kan, wọn ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò sí níbẹ̀."

"Òbìrí yẹn ńkọ́, Mà?" Ohùn Garth kéré. "Ṣé ibẹ̀ ló ti ṣì í?"

Màmá Pugh yí ojú ìwé náà sí i.

"Ṣì í kẹ̀? Ọmọ mi, ohun táwa olórin ò bá fẹ́ gbàgbé la máa ń fi lẹ́ẹ̀dì yí po. Dùùrù mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìwé ẹ̀ ló ní òbìrí. Àmì tí bàbá rẹ yí po yìí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kéèyàn fà á gùn, kó má sáré. Kò sì sáré. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Imogen ti dìde, ó tẹ̀ bá ìwé náà, ó kà á títí. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fóònù ló fà yọ lójú gbogbo wọn.

"Iṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la yẹn, má gé nǹkan kan o… Rárá, fi àga náà sílẹ̀. Gbogbo àga." Ó yíjú sí Garth. "Mo fẹ́ kọ orúkọ bàbá yín sára páálí, sà. Kí ni mo máa kọ?"

"Edgar Ollerenshaw," ni Garth wí. "Fáólà."

Wọ́n nawọ́ pé kí àwo náà padà sínú páálí rẹ̀. Ọwọ́ Barney ló gòkè kẹ́yìn. "Mi ò tíì sọ pé gìtá yẹn dáa o," ló ń kùn.

"Gbé e sókè dáadáa, ká rí i," ni Màmá Pugh wí, yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Garth bá wọn rín nìyẹn.

Wọ́n ní kó tún fi ìparí náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi sí i, ó sì dúró, torí òfin ni òfin. Nígbà tí àga bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ nínú orin, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Barney dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àga tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, kó má baà dún, ó yọ́ rìn gba àárín yàrá kọjá, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Garth. Fáólà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sáré. Nígbà tí ó dákẹ́, tí abẹ́rẹ́ gòkè, Garth jókòó sórí àga náà níbi tí wọ́n gbé e sí, ó kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn.